Olúwaṣeun Méjì Nínú Oko Kòkó

“Ọjọ́ tí lébìrà bá fi ẹsẹ̀ tẹ oko kòkó mi, ọjọ́ náà ni kí ẹ wá kó mi sínú mọ́tò bí ẹrù ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ẹ lọ já mi sílẹ̀ níbi tó bá wù yín.”

Orí ìdúró ni Fọláránmi ti sọ ọ́. Ó fi ọwọ́ kan sí ìbàdí, ó na èkejì sí apá ibi tí oko náà wà, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń ya fọ́tò. Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́ ni abúlé wọn, ó jókòó sórí òkè lẹ́yìn Iléṣà. Ọlọ́kadà kì í gun ibẹ̀. Ìsàlẹ̀ òkè ni wọ́n ti ń já èèyàn sílẹ̀, wọn á ní ẹ́ńjìnnì àwọn kò gbé èyí tó kù, kí èrò fi ẹsẹ̀ parí ìrìn àjò rẹ̀.

Olúwaṣeun, àkọ́bí rẹ̀, ló ń sọ fún. Fóònù ni Ṣeun ń tún ṣe ní Alekuwodo ní Òṣogbo, ó sì ti kọ́ ilé sí Ọ̀fàtẹ̀dó. Ohun tó gbé e wá sílé kò ju ẹyọ kan lọ: Bàbá ti dàgbà, koríko ti bo kòkó mọ́lẹ̀, gbogbo ọ̀dọ́ abúlé ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Òṣogbo àti Iléṣà, yàrá kan sì wà lẹ́yìn ilé òun tó ní fáànù àti ilẹ̀kùn tirẹ̀. Kí Bàbá wá sinmi níbẹ̀.

Fọláránmi mọ irú ìsinmi yẹn. Wọ́n ti mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ sinmi rí. Iṣẹ́ tí ọ̀gbẹ́ni náà ń ṣe báyìí ni kó máa ṣí géètì fún mọ́tò ọmọ rẹ̀ láàárọ̀, kó sì tún un tì nírọ̀lẹ́. Tí ó bá fẹ́ rí ewé tútù, ó dìgbà tí ìyàwó ọmọ bá ra ẹ̀fọ́ wálé.

Ó ní òun kò lọ. Ó ní àwọn tí kò ní èèyàn ni wọ́n ń gba lébìrà. Òun ní àáró. Bí àáró bá ti kan èèyàn, gbogbo ilé tó wà nínú ẹgbẹ́ á rán ọwọ́ kọ̀ọ̀kan wá sóko rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn òun náà á gbé ọkọ́ lọ sí tiwọn. Kò sí owó níbẹ̀, oúnjẹ nìkan ló wà. Ó ní bí òun bá pè wọ́n, ojú ọ̀nà òkè á kún, àgbò kò ní rọ́nà kọjá.

Ni bàbá àti ọmọ bá fẹnu kò. Bí oko kòkó yẹn bá mọ́ ní Sátidé, tó sì jẹ́ àáró ló mú un mọ́, Ṣeun kò gbọdọ̀ dárúkọ Ọ̀fàtẹ̀dó sí bàbá rẹ̀ létí mọ́ láyé. Bí koríko bá wà níbẹ̀ síbẹ̀, tàbí tó jẹ́ lébìrà ló ṣán an, Fọláránmi á di ẹrù rẹ̀ ní Sọ́ńdè, á sì wọ mọ́tò láìjanpata. Julianah, ìyàwó rẹ̀, ń ṣa ẹ̀wà nítòsí wọn. Ó kàn wo bàbá, ó wo ọmọ, ó sì ju òkúta kan nù nínú ẹ̀wà.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Fọláránmi dé fìlà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé. Ọ̀dọ̀ Sàkáríyà ló kọ́kọ́ lọ, ẹgbẹ́ rẹ̀, tó ti jẹ́ olórí àáró láti ìgbà tí irun ti wà lórí àwọn méjèèjì. Sàkáríyà fa tẹ̀sùbáà díẹ̀, ó ní in ṣáà Allāhù, Awwal ọmọ òun tó ń gun ọ̀kadà ní Ọ̀fàtẹ̀dó á wá. Adétutù, opó tó ní oko obì, ní Tóyìn òun tó ń ta aṣọ ní Iléṣà á ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́jọ́ náà. Phebe ní kí ó má tilẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, kó ka Ayọ̀mídé ọmọ òun mọ́ ọn. Gbogbo ilé ló gbà. Wọ́n gbà kíá, wọ́n tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó rántí àwọn.

Ó yẹ kó ti fura. Nígbà tí àáró jẹ́ àáró, èèyàn kì í gbà láti wá kó tó bèèrè irú ẹran tí wọ́n máa fi sọ́bẹ̀. Ṣùgbọ́n ayọ̀ ti kún Fọláránmi dé ọrùn. Àárín títì ló ń rìn bọ̀ nílé, ewúrẹ́ ń yà fún un. Ó pe Ṣeun lórí fóònù, ó ní kó wá ẹni tó máa rẹ́ńtì yàrá ẹ̀yìnkùlé yẹn.

Ní Sátidé, òun ló kọ́kọ́ dé oko. Ó gun orí àpáta kan kó lè máa wo bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Láìpẹ́ ó gbọ́ orin láti ìsàlẹ̀, orin àwọn ọkùnrin, tó dún dáadáa. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ó ní láti jẹ́ orin tuntun tí àwọn ọmọ ń kọ ní Òṣogbo.

Àwọn tó ń kọrin yọ lábẹ́ igi. Ọ̀chẹ́ ló ṣáájú.

Kò sẹ́ni tí kò mọ Ọ̀chẹ́ lórí òkè yẹn. Àgàtú ni, láti Benue, òun sì ni ọ̀gá àwọn lébìrà tó ń gbé nínú ilé ìwé àtijọ́. Ó ti pẹ́ débi pé ó ń sọ Ìjẹ̀ṣà bí ẹni tí wọ́n sọ lórúkọ níbẹ̀. Kò sí oko tí kò tíì ṣán lórí òkè náà àfi ti Fọláránmi. Ọkùnrin márùn-ún ló tò tẹ̀ lé e, olúkúlùkù gbé àdá lé èjìká.

Fọláránmi sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta. Ó bi wọ́n pé ta ló ránṣẹ́ pè wọ́n.

“Ẹ kú uṣẹ́ o, Bàbá,” ni Ọ̀chẹ́ wí. “Ulé Bàbá Sàkáríyà ló rán mi. Èmi ni Awwal.”

Awwal tí Fọláránmi mọ̀ kúrú, ó sì ní ikùn. Èyí tó dúró síwájú rẹ̀ ga bí igi ìbẹ́pẹ. Kó tó rí ẹnu fọhùn, ẹnì kejì ti tẹríba, ó ní òun ni Tóyìn. Ẹ̀kẹta ní òun ni Ayọ̀mídé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ títí tó fi kan ẹni ìkẹyìn, àbúrò Ọ̀chẹ́, gìrìpá kan tó ní irùngbọ̀n, tí ń jẹ́ Onú. Nígbà yẹn Fọláránmi ti ka gbogbo ilé àáró tán nínú ọkàn rẹ̀, kò sì sí ilé tó kù.

“Ìwọ ńkọ́? Ulé ta ni?”

“Ulé tiyín ni, Bàbá. Èmi ni Olúwaṣeun.”

“Olúwaṣeun wo?”

“Olúwaṣeun ọmọ yín. Ó ní kí n bá òun kí yín.”

Fọláránmi jókòó sórí àpáta náà. Ọ̀chẹ́ ṣàlàyé fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé àwọn ọmọ kò ráyè, pé ilé kọ̀ọ̀kan ló wá bá àwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n ní kí àwọn wá dúró fún ọmọ wọn, kí àwọn má sì jẹ́ kí ilé yòókù mọ̀. Àwọn fúnra wọn kò mọ̀ pé oko kan náà ni, àfi nígbà tí gbogbo wọ́n gbé àdá lójú ọ̀nà kan ṣoṣo láàárọ̀ yìí.

Ọ̀ràn dé. Bí Fọláránmi bá lé wọn, koríko á wà níbẹ̀ títí Ṣeun á fi dé lọ́sàn-án, ó di ẹni tí ń ṣí géètì. Bí ó bá jẹ́ kí wọ́n wọlé, lébìrà ti tẹ oko, géètì yẹn náà ni. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, koríko ń wò ó. Níkẹyìn ó ṣe ohun tí ó kù tí èèyàn lè ṣe: ó gbà wọ́n gbọ́.

“Awwal,” ó pe Ọ̀chẹ́, “mú apá odò. Tóyìn, tẹ̀ lé e. Ayọ̀mídé, ìwọ àti àwọn méjì yòókù, ẹ gba ìdí àwọn igi àtijọ́ yẹn, ẹ rọra, kí ẹ má ṣá kòkó mi lẹ́sẹ̀. Olúwaṣeun, ọ̀dọ̀ mi ni kí o dúró sí.”

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀ kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú bí ẹni tó ń jí lójú oorun. Fọláránmi náà ń ṣán tirẹ̀, ó sì ń pàṣẹ. Bí ó ṣe ń pe àwọn orúkọ wọ̀nyí, tí wọ́n sì ń dá a lóhùn, orúkọ ń wọ̀ wọ́n lára. Ó bi “Tóyìn” bí ọjà aṣọ ṣe ń lọ ní Iléṣà. Ìyẹn ní ọjà kò burú, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń ra àwìn. Ó bá “Awwal” wí lórí eré àsápajúdé tí àwọn ọlọ́kadà ń sá. Nígbà tí oòrùn ga, ó rí Onú tó nàró láti wá omi, inú sì bí i gidi.

“Olúwaṣeun, bí o ṣe ń ṣe láti kékeré nìyẹn. Iṣẹ́ kò tíì débì kan, o ti ń wá omi.”

“Ẹ má bínú, Bàbá.”

“Kérésì tó kọjá ńkọ́? Gbogbo wa ń wo ọ̀nà. Ìyá rẹ pa adìẹ, a jẹ ẹ́ tán láìrí ọ.”

Onú gbé àdá rẹ̀ sílẹ̀.

“Ọ̀nà ló jìn, Bàbá. A kò gbàgbé ulé.”

Fọláránmi ní ó tó, kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Julianah gbé omi dé, Olúwaṣeun yìí ni Fọláránmi kọ́kọ́ bù fún.

Ẹ̀ka tó kẹ́yìn ni wọ́n ń kó jọ nígbà tí Olúwaṣeun kejì yọ. Bàtà funfun ló wọ̀. Ó dúró, ó wo oko láti òkè dé ilẹ̀, ó yí ká, ó tún wò ó. Kò sí koríko. Bàbá rẹ̀ dúró sáàárín bí ọba, àwọn ọkùnrin mẹ́fà tò lẹ́yìn rẹ̀. Fọláránmi na ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n hàn án: èyí ni Tóyìn ọmọ Adétutù, èyí ni Ayọ̀mídé, ẹni gíga yẹn ni Awwal ọmọ Sàkáríyà.

Ṣeun rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, Awwal ló gbé mi wá láti Ọ̀fàtẹ̀dó. Ó wà nísàlẹ̀ òkè, ó ń so ṣéènì ọ̀kadà rẹ̀. Lébìrà ni àwọn wọ̀nyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ máa di ẹrù yín.”

Fọláránmi kò bínú. Ó mi orí.

“Ó dáa. Ti Awwal nìyẹn. Ó ku ẹnì kan tí mi ò tíì fi hàn ọ́.” Ó fa Onú lọ́wọ́ síwájú. “Bi ọ̀gbẹ́ni yìí ní orúkọ rẹ̀.”

Onú àti Ṣeun wo ara wọn. Onú ló kọ́kọ́ rí ẹnu sọ̀rọ̀. “Ẹ káàsán, sà,” ó ní. “Olúwaṣeun ni mí.”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Julianah ti pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Tọ́sìdé. Ó rán an létí pé nínú àáró, ilé olóko ló ń kọ́kọ́ mú ọwọ́ wá, pé bí abúlé kò bá rí ọmọ Fọláránmi lóko Fọláránmi, ọ̀rọ̀ náà á di orin. Ìtìjú mú Ṣeun. Ṣùgbọ́n ó ní fóònù oníbàárà ńlá kan tó gbọ́dọ̀ parí, ó sì pe Ọ̀chẹ́ pé kó bá òun wá ẹnì kan. Báyìí, bí ó bá pe ọ̀gbẹ́ni náà ní lébìrà, ó ní láti sọ ẹni tó gbà á. Bàtà funfun rẹ̀ rì díẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

Ìgbà náà ni Sàkáríyà àti Adétutù àti Phebe gòkè dé, nítorí òórùn ọbẹ̀ Julianah ti sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn nílé. Wọ́n rí àwọn tí wọ́n rán, wọ́n rí àwọn tí àwọn ẹlòmíì rán, olúkúlùkù sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo igi. Fọláránmi ní kí olórí àáró dájọ́. Àáró ni, àbí àáró kọ́?

Sàkáríyà mọ̀ pé bí òun bá ní kì í ṣe àáró, ilé òun gan-an ni kò wá. Ó fa irùngbọ̀n, ó ní ọwọ́ ni àáró ń bèèrè lọ́wọ́ ilé, kì í bèèrè ìyá tó bí ọwọ́ náà. Ilé gbogbo rán ọwọ́, ọwọ́ gbogbo dé, oko mọ́. Àáró ni. Adétutù ní òótọ́ ni. Phebe ní Ọlọ́run rí i. Fọláránmi fò sókè lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí Ṣeun wá ayálégbé tó máa sanwó dáadáa.

Ọ̀chẹ́ nu àdá rẹ̀, ó ní inú àwọn dùn láti gbọ́ ìdájọ́ yẹn. Nítorí pé kò sí ilé tó san kọ́bọ̀ fún àwọn. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní kó fi í ṣe àáró, pé lọ́jọ́ tirẹ̀ àwọn náà á dúró tì í. Ọjọ́ òun ni Sátidé tó ń bọ̀. Òun ti gba ilẹ̀ iṣu lẹ́yìn òkè, ebè ni àwọn fẹ́ kọ.

Adétutù rọra bèèrè bóyá a lè rán ẹni tó máa dúró fún èèyàn. Ọ̀chẹ́ ní kò burú, ta ni wọ́n fẹ́ rán? Wọ́n ronú. Gbogbo ẹni tó ṣeé rán lórí òkè náà ló dúró síwájú wọn, tí wọ́n ń retí iyán.

Fọláránmi ní òun kì í lọ kọ ebè lóko lébìrà. Ṣeun bá yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀yìnkùlé lápò, ó ń fi jó lórí ìka, ó ní bí Bàbá bá ti sọ pé lébìrà ni wọ́n, ọ̀rọ̀ parí. Fọláránmi wo kọ́kọ́rọ́ náà. Ó ní aago mélòó ni kí àwọn dé lọ́jọ́ Sátidé.

Wọ́n dé. Sàkáríyà dé, Awwal àti ikùn rẹ̀ dé, Adétutù àti Phebe dé. Ṣeun náà dé, nítorí Onú ti dúró fún un. Bàtà dúdú ló wọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀chẹ́ pín wọn bí wọ́n ṣe pín òun. Ó ní bí àwọn ṣe jẹ́ ọmọ wọn lọ́jọ́sí, àwọn náà á jẹ́ èèyàn òun lónìí, ó sì ń pe Ṣeun ní Onú láti àárọ̀.

Ebè àkọ́kọ́ tí Fọláránmi kọ dára gan-an, ó pè wọ́n kí wọ́n wá wò ó. Ó kọ ìkejì pẹ̀lú ìkérora. Nígbà tó kan ìkẹta, ó fi ara ti ọkọ́, ó ń ṣàlàyé fún àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń kọ ebè láyé ìjọ́un. Ebè Ṣeun tẹ́ pẹrẹsẹ bí páálí fóònù. Awwal kọ tirẹ̀ ó jókòó lé e. Sàkáríyà lọ kírun ọ̀sán, rákáà rẹ̀ pọ̀ débi pé Phebe tó jẹ́ ọmọ ìjọ lọ wò ó bóyá ó ṣì mí. Àwọn Àgàtú kọ ti ara wọn tán, wọ́n padà wá tún ti àwọn àlejò kọ, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyàwó Ọ̀chẹ́ gbé iyán kalẹ̀. Fọláránmi kò lè jókòó, ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbà. Ìdùbúlẹ̀ ló ti ń jẹun, ìdùbúlẹ̀ náà ló sì ti sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n wo ojú ilẹ̀. Ó ní ta ló sọ pé òkè yìí ti kú? Àáró ti padà, ọ̀dọ́ wà lórí òkè, òun kò ní ibi kankan í lọ. Ṣeun wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti lé ròrò, ó ní òun gbà, kí Bàbá dúró. Julianah bu ọbẹ̀ kún ti ọmọ rẹ̀. Inú Sàkáríyà dùn débi pé ó kéde pé oko obì Adétutù ló kàn, Sátidé méjì sí i, kí ilé kankan má ṣẹ́yìn. Gbogbo wọn ní àwọn á wá. Fọláránmi ní kí Ọ̀chẹ́ kó gbogbo ọmọ rẹ̀ dání.

Ọ̀chẹ́ fọ ọwọ́. Ó ní ìyẹn kò ní ṣeé ṣe, nítorí ní Mọ́ńdè òun àti gbogbo àwọn ọmọ náà ń lọ sí Ọ̀fàtẹ̀dó. Wọ́n ń kọ́ ilé púpọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń wá ẹni tó máa po sìmẹ́ńtì. Ìyàwó òun á dúró gbin iṣu. Àwọn á máa wálé nígbà Kérésì. Bọ̀dá Ṣeun ló bá àwọn wá iṣẹ́ náà.

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Ṣeun. Ṣeun ń wá egungun kan nínú ọbẹ̀.

Ọ̀chẹ́ rò pé wọ́n ń bínú ni, ó sì fẹ́ tù wọ́n nínú.

“Ẹ má jẹ́ kó dùn yín,” ó ní. “Bí àáró bá ti kàn, ẹ sáà pè mí. Màá wá ẹni tó máa dúró fún mi.”